Owó Tí Kò Lè Dín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í dáhùn bí èèyàn bá pè wọ́n ní Àlàájà. Ní Ìwó wa níbí, obìnrin yòówù tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sì ń fi ìborùn bo orí, Àlàájà ni gbogbo ayé ń pè é, yálà ó ti rí Mẹ́kà tàbí kò kọjá Ilé-Ogbó rí. Oyè ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dúró níwájú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, níbi tí wọ́n ti ń ta bútà àlùwàlá, ẹní ìkírun àti tẹ̀sùbáà, tó ní, “Àlàájà, èló ni bútà aláwọ̀ ewé yẹn?” ńṣe ni wọn ó máa nu bútà lọ bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Ó dìgbà tó bá pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ní, “Mi ò tíì débẹ̀ o. Ìyá oníbútà ni kó o pè mí.”

Mo fẹ́ kí wọ́n dáhùn. Gbogbo ohun tí mò ń lé kiri kò ju ìyẹn lọ. Àwa méjì péré ni ìyá wa fi sílẹ̀. Lọ́dún tí ìyá wa kú, ìwé mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi wà, wọ́n sì fi iléèwé sílẹ̀ kí èmi lè lọ. Wọ́n gbé igbá lérí, èmi gbé báàgì kọ́ èjìká. Nígbà tí mo wá di ẹni tó ń gba owó oṣù, mo pinnu lọ́kàn ara mi pé èmi ni n ó san owó Mẹ́kà wọn, kí orúnkún wọn tó kọ̀ jálẹ̀. Orúnkún ọ̀hún ò sì bá mi ṣe àdéhùn kankan. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ohùn rẹ̀ ń le sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Olùkọ́ ni mí níléèwé girama, ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dúró níwájú pátákó, tí mò ń ṣàlàyé bí odindi orílẹ̀-èdè ṣe ń là, kó tó wá sí mi lọ́kàn pé èmi fúnra mi lè dán an wò. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí owó oṣù bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, èmi àti ẹ̀ ò mọra mọ́.

Ọmọbìnrin kan ló là mí lójú. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi owó dókòwò ló rán an wá síléèwé wa, kó wá bá àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ó máa jẹ lẹ́yìn tí a bá fẹ̀yìn tì. Ó kó míìtì-páì àti ìwé pẹlẹbẹ dání. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ míìtì-páì tọkàntọkàn. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn, èmi nìkan ni mo mú un délé, mo sì kà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìfẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ yọ ti ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó san ti ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n ní owó oúnjẹ oṣù mélòó kan nílẹ̀ tí n kò ní fọwọ́ kàn, nítorí àìsàn kì í fi ìwé ránṣẹ́. Ó ní owó tí èèyàn kò bá lò láàárín ọdún díẹ̀, kó má jẹ́ kó sùn, kó rán an níṣẹ́.

Iṣẹ́ tí mo rán tèmi kò le. Mo ń ra ìwé-ẹ̀yáwó ìjọba. Ìjọba àpapọ̀ ló ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú. Bí àsìkò tí wọ́n dá bá pé, wọ́n á dá owó rẹ padà, wọ́n á sì fi nǹkan lé e. Èmi tí mo máa ń yà sí kọ̀rọ̀ tí mo bá rí ọkọ̀ agbowó-orí, èmi ni mo wá di ẹni tó ń yá ìjọba lówó. Mo máa ń wo àwọn ọ̀gá ńlá lórí tẹlifísọ̀n, kí n wá sọ fún àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, “Onígbèsè mi nìyẹn.”

Àga ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn nílé. Ìyàwó mi ti lọ sí Kánádà lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta ló ní òun ó lò. Ọmọ tuntun ọ̀hún ti ń lọ síléèwé báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń bá mi jà lórí fóònù. Mi ò bínú sí ìyàwó mi. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ kejì tún dé, ọkọ ọmọ wa sì fẹ́ràn ọbẹ̀ rẹ̀. Mo kàn ń sọ fún yín bí ilé oníyàrá mẹ́rin ṣe rí tí ẹnì kan péré bá ń gbé e. Mo máa ń lọ jókòó nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé mo ń ṣojúsàájú.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi rán owó náà níṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun àlàsárì, n ó ṣí fóònù, n ó wò ó. Ó ti ga díẹ̀ ju ti àná lọ. Inú mi á dùn, n ó wo ọ̀tún, n ó wo òsì, kò sẹ́ni tí mo lè fi hàn. Ẹni tó bá kọ́lé, àwọn èèyàn á rí i. Ẹni tó ra ọkọ̀, àwọn èèyàn á ní kó gbé àwọn dé ọjà. Owó tí mo ní, inú fóònù ló wà, bí mo bá sì ṣí ẹnu pẹ́nrẹ́n, ìdajì àdúgbò á ti mọ àìsàn tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn wò. Mo pa ẹnu mọ́. Mo ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, mo ń lẹ bàtà mi lọ́dọ̀ aránbàtà, mo sì dín ọwọ́ mi kù nínú gbogbo owó tí a máa ń dá jọ fún ìkómọ àti ìwúyè.

“Tíṣà,” ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Bàólọ́jì bi mí lọ́jọ́ kan níyàrá àwọn olùkọ́, “ṣé ọkọ̀ tiyín ò tún ní dé lọ́dún yìí?”

“Ọkọ̀ mi wà lọ́nà.”

“Ọ̀nà wo? Ọ̀nà Kútà ni àbí ọ̀nà ọ̀run?”

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in, nítorí pé mo mọ àwàdà tó dáa tí mo bá gbọ́ ọ. Wọ́n sọ mí ní Ahun. Mo ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó wá yá, wọn ò fi mí ṣẹlẹ́yà mọ́. Bí wọ́n bá ń dá owó jọ, wọn á fo tábìlì mi bí ẹni fo àbàtà. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Ahun ò dùn mí tó ìyẹn.

Ibi tó kù tí mo ti ń gbọ́ ohùn èèyàn ni ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, mo máa ń lọ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ìsọ̀ wọn, wọn á sì gbé ẹ̀kọ àti móínmóín eléwé síwájú mi. Wọn á sọ pé mo rù, èmi náà á sọ pé àwọn ló sanra jù, a ó wá jẹun. Kò sí ohun tó ju ìyẹn lọ nínú ọ̀sẹ̀ mi.

Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, mo dé pẹ̀lú ara yíyá. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìrìn-àjò Hájì ti kéde pé kí àwọn tó fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Mo ti wò ó lórí fóònù láàárọ̀, ohun tí mo ní tó o, ó sì ṣẹ́kù.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “ẹ lọ ra aṣọ funfun.”

Wọ́n gbé ẹ̀kọ tí wọ́n ń ṣí lọ́wọ́ sílẹ̀. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Mẹ́kà lẹ̀ ń lọ.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ti mọ̀ mí ní aláwàdà, torí náà wọ́n ń wá ibi tí ẹ̀rín wà lójú mi, wọn ò rí i. Wọ́n wá jókòó, wọ́n fi etí ìborùn bo ojú, mo sì ń wo èjìká wọn bó ṣe ń mì. Oníbàárà kan yọjú, mo fọwọ́ ṣe é pé kó máa lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ṣe é fún ìyàwó mi, wọ́n ṣe é dé orí ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Àbúrò, níbo lo ti rí i? Owó tíṣà mà ni tìẹ.”

Ká ní mo dáhùn pé owó oṣù ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Irọ́ kọ́ ni, inú owó oṣù náà ló ti hù. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo ti fi mọ ohun kan tí mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Ẹni tó bá ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ẹ má bi í ní ìbéèrè. Pàápàá bó bá jẹ́ tíṣà.

Mo fa bútà mẹ́wàá jáde nínú ìsọ̀ wọn, mo tò wọ́n sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.

“Ẹ wò ó. Ká ní ẹ kó bútà mẹ́wàá yìí fún ìjọba.”

“Kí ni ìjọba fẹ́ fi bútà mẹ́wàá ṣe? Ṣé wọ́n ń kírun ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n parí ná. Bó bá di ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà fún yín, wọ́n á sì fi méjì lé e.”

“Bí èyí tí mo fún wọn bá fọ́ ńkọ́?”

“Kò kàn yín. Mẹ́wàá yín pé.”

“Bí ọjà ò bá tà fún wọn?”

“Ìyẹn náà ò kàn yín.”

“Ìyẹn ni pé kò lè dín.”

“Kò lè dín láéláé,” mo ní, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. “Ẹwà rẹ̀ nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń kó àwọn bútà náà padà sí àyè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn kó o.

“Gbogbo ohun tí mo ń tà níbí ló lè dín,” wọ́n ní. “Oòrùn ń sá a, eku ń jẹ ẹní, tẹ̀sùbáà ń já. Bí mo bá jèrè, mo mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó jẹ ẹ́. Owó tí kò lè dín, tí kò ṣiṣẹ́, tó wá ń pọ̀. Àbúrò, èlé tí ẹ̀sìn wa kọ̀ ni.”

“Ìjọba ni o, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mi ò béèrè ẹni tó san án. Ohun tó jẹ́ ni mo ń wí.”

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Èmi náà lọ ilé-kéwú, ẹ̀yìn mi ṣì rántí pàṣán. Mo mọ̀, mo kàn di ojú ni. Mo ti sọ fún ara mi pé ìjọba kì í ṣe tálákà tí mò ń ni lára, pé owó náà ń wálẹ̀ bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, pé ohun rere ni mo fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dùn nígbà tó jẹ́ pé èmi àti àga la jọ ń sọ ọ́. Níwájú ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí èyí tó ṣeé gbé jáde nínú wọn.

“Mi ò ní gbé ìyẹn dé iwájú Káábà,” ni wọ́n wí. “Má bínú sí mi. Jẹ ẹ̀kọ rẹ.”

Mo jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ló ní kí n lọ bá Ààfáà ìdílé wa, bàbá arúgbó kan tó kọ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú, tí wọ́n sì máa ń fi ọ̀rọ̀ gún èèyàn bí ẹni fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún. Bàbá gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní owó tí mo fi ọwọ́ ara mi kó jọ, tèmi ni, kò sí ẹ̀bi lórí rẹ̀. Èyí tó gùn ún lórí ni kí n yọ dànù.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ibo ni n ó dà á nù sí?”

“Sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti lò ó. Kó má wọ mọ́sálásí, kó má wọ ikùn ẹnikẹ́ni. Gọ́tà ń bẹ lẹ́yìn mọ́sálásí tó ti wó, tí omi ẹ̀gbin rẹ̀ ń gba iwájú ilé àwọn èèyàn kọjá. Bí o bá tún un ṣe, ó dáa. Má sì retí láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́run.”

“Ṣé mo lè kọ orúkọ mi sí i?”

“Orúkọ kẹ̀? Ẹni tó lọ da ìdọ̀tí nù, ṣé ó máa ń kọ orúkọ sára rẹ̀ ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jáde. Ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá yọ ti gọ́tà kò ju bí ìdajì owó Mẹ́kà lọ. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, iye tí mo fi pamọ́ yẹn lè gbé èèyàn dé Mẹ́kà, kó tún ra dátì bọ̀. Náírà ti wálẹ̀, owó ọkọ̀ òfurufú ti gòkè. Mo ṣàlàyé èyí fún Ààfáà lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní, “Mi ò sọ pé kò ní dùn ẹ́.”

Jímọ̀ mẹ́ta ni mi ò lọ sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bí a bá ti kírun tán, ẹnu ọ̀nà kejì ni mo ń gbà jáde. Mo ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ tó ń tà á kiri, mo ń jẹ ẹ́ ní ìdúró nínú ilé ìdáná, nítorí pé bí mo bá jókòó, mo máa ń rí àga tó ṣófo níwájú mi. Jímọ̀ kẹta, ìyàwó mi pè lẹ́yìn àlàsárì. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wọn, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń múra iléèwé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ó mà rọrùn,” ó ní. “Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ta ilẹ̀.”

“Ilẹ̀ wo?”

“Ilẹ̀ yòówù. Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ìwé ilẹ̀ ni wọ́n máa bi yín? Ẹ jẹ́ kí arúgbó lọ sí Mẹ́kà kí orúnkún wọn tó kú. Ọlọ́run mọ ọkàn yín.” Ọmọ kan ké láti ọ̀hún. “Mo ń bọ̀ o, bàtà ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá àwọn ọmọ, n ó tún pè yín.”

Kò tún pè lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ọmọ ò jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró tì mí nínú ilé ìdáná. Irọ́ kan péré ni, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n mi á dé Mẹ́kà, wọn á bọ̀, gbogbo ọjà á pè wọ́n, wọn á dáhùn. Èmi nìkan ni n ó mọ̀. Mo sì ti mọ bí èèyàn ṣe ń dá nìkan mọ nǹkan, mo ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọ.

Jímọ̀ kẹrin, mo gba ẹnu ọ̀nà tí mo máa ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ò béèrè ibi tí mo lọ. Wọ́n gbé móínmóín wá bí ẹni pé àná ni mo jẹ èyí tó kẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, mo tẹjú mọ́ ewé móínmóín, “mo ti rí ọ̀nà mìíràn. Mo ta ilẹ̀.”

“Ilẹ̀ wo?”

“Ilẹ̀ kan báyìí, lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó.”

“Ìgbà wo lo rà á?”

“Ó ti pẹ́.”

“Ìwọ.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ti inú wá, wọ́n sì di orúnkún mú kí ẹ̀rín má baà mì ín. “Ìwọ tí o ra bàtà tuntun, tí o wá fi hàn mí kó tó di pé o wọ̀ ọ́ dé ilé ara rẹ. O ra ilẹ̀ tí mi ò gbọ́? Àbúrò, nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, o jí súgà jẹ, o wá bi mí bóyá ó hàn lẹ́nu rẹ. O ò mọ irọ́ pa. Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Bá mi kí i.”

A jẹun lọ. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan láìgbójú sókè: “Ká ní mo gbà á gbọ́ ńkọ́? N ó dúró lórí òkè Àráfà lọ́hùn-ún, n ó máa ṣàdúrà fún ẹ, ìwọ á sì wà nílé, o ò ní lè ṣe àmín.”

Mo tún gọ́tà ṣe. Mo gba bíríkìlà kan, mo sọ fún un pé ẹnì kan ló rán mi. Ó ṣe é dáadáa, ó fi pẹpẹ onísìmẹ́ǹtì bò ó, ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀. Kò tíì gbẹ tán tí kánsílọ̀ wa fi wá, tó dúró lé e lórí, tó ya fọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà síwájú bí ẹni tó ń pín oúnjẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tí ìyá kan ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi pé kánsílọ̀ yìí ṣèèyàn, pé kò dà bí àwọn ìyókù. Mo dúró díẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Ọdún mẹ́fà bàtà lílẹ̀ àti orúkọ Ahun ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin yẹn, ó gbé garawa rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kọjá. Gọ́tà náà ṣe é lóore, bí Ààfáà ṣe fẹ́ kó rí. Èmi ni mo fẹ́ kí ẹnì kan wò mí lójú.

Yàtọ̀ sí Ààfáà, ẹnì kan péré ládùúgbò ló mọ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo sọ ti kánsílọ̀ fún wọn, wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ lọ gba ìdọ̀tí ẹ padà lọ́wọ́ ẹ̀ ni?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé, “Eléyìí tó kù ńkọ́? Ṣé wàá jẹ́ kó sùn ni?”

Mo wò wọ́n dáadáa. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ owó tó ń sùn fún wọn rí, ọpọlọ ara wọn ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Mo ti wá irú òkòwò tí ẹ̀sìn fọwọ́ sí kiri, mo sì ti rí i, mo wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kó owó jọ, a ó fi ra ilé àti nǹkan mìíràn tó ṣeé yá èèyàn lò. Owó tí àwọn tó ń lò ó bá san la ó pín. Bí èrè wà, a jọ jẹ ẹ́. Bí òfò bá sì dé, tiwa ni.

“Ta ló ń gbé ilé yẹn?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní iléeṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń yá a fún.

“Ṣé wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀?”

“Rárá. Wọn kì í gba ọlọ́tí.”

“Bí ilé bá jó?”

“Owó wa náà jó nìyẹn, àyàfi bí ohun kan bá ṣẹ́kù.”

“Ó lè dín nígbà náà.”

“Ó lè dín.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀-ajé, mi ò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn báyìí sí ìròyìn òfò. Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n kó owó bútà ọ̀sẹ̀ méjì síwájú mi. “Fi tèmi mọ́ ọn. Ọdún mélòó ni?”

Mo ṣírò rẹ̀. Bí ọjà bá dáa, bí owó ọkọ̀ òfurufú kò bá tún fò kọjá wa, ọdún márùn-ún. Mo fẹ́ sọ pé mẹ́ta. Wọ́n ń wò mí lẹ́nu, mo sọ márùn-ún.

Wọ́n na ẹsẹ̀ jáde, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. “Eléyìí ò ní dúró dè ẹ́ fún ọdún márùn-ún.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti bi Ààfáà. Bí mi ò bá lè lọ mọ́, tàbí tí mo bá kú, ẹlòmíràn lè lọ ṣe é fún mi, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ìwọ ni n ó rán.”

“Mo gbà.”

“Má tíì gbà. Ààfáà ní ẹni tí kò bá tíì ṣe ti ara rẹ̀ kò lè bá ẹlòmíràn ṣe é. Ìwọ náà ò tíì lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá lọ.” Wọ́n na ìka sí fóònù mi. “Torí náà, tíṣà, tún ìṣirò ẹ ṣe.”

Mo tún un ṣe. Mo ṣe é níwájú wọn, lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì owó Mẹ́kà. Ní àkókò tó bá fi máa pé, n ó ti fẹ̀yìn tì, orúnkún tèmi náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ iye ọdún náà fún wọn, wọ́n mirí, wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n nu ìka wọn sára ìborùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ nǹkan gbígbóná, wọ́n sì ní kí n kúrò lójú ìsọ̀, nítorí pé oníbàárà ti ń dúró.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Lọ́nà, mo gbìyànjú láti rò ó bó ṣe máa rí. Ìgbà àkọ́kọ́ ò nira láti rò, èmi àti èrò Ìwó la jọ ń lọ, mo ń ṣàròyé oúnjẹ, mo ń wá ẹni tí n ó fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà kejì ni mi ò lè rò dópin. N ó wọ aṣọ funfun, n ó dúró láàárín gbogbo èrò yẹn, n ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, n ó ní àwọn ni mo wá ṣojú fún. Bí mo bá wá ṣe é tán, tí mo padà dé Ìwó lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi ò sì sí lẹ́yìn ìsọ̀ mọ́, tí mo ní ọ̀rọ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa bí mo ṣe sọnù láàárín àwọn àgọ́, mi ò mọ ẹni tí n ó sọ ọ́ fún.